Okùn Aṣọ Ni Kẹ́ Ẹ Ṣí: Ìgbésí Ayé Ìyá Wa, Màmá Alágboòrùn

Ní ọdún 1941, nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù atúnkẹ̀kẹ́ṣe, ni a bí ìyá wa ọ̀wọ́n, olóògbé tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Màmá Alágboòrùn. Bàbá wọn ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ìyá wọn ń ránṣọ. Ìran tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni wọ́n ti wá, ìran tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tó bá Màmá ṣeré ní kékeré sọ pé bí a bá wá wọn tì nínú ilé, ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí ni kí a lọ wò. A ó bá wọn láàárín aṣọ tútù, wọ́n á dijú, wọ́n á máa gbóòórùn ọṣẹ.

Wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́n ní 1948, wọ́n sì ka ìwé mẹ́fà yọrí. Ìkọ̀wé wọn dára tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé àwọn ni tíṣà ń ní kí wọ́n kọ orin ìsìn sójú pátákó. Ní 1957 wọ́n gba iṣẹ́ sí ilé ìfọṣọ ọsibítù. Yàrá gígùn tó gbóná janjan ni, fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo sì ga ju orí ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ní gbogbo ọdún tí àwọn lò níbẹ̀, àwọn kì í mọ̀ pé òjò rọ̀, àfi bí àwọn bá jáde tí ilẹ̀ tutù.

Ibẹ̀ ni bàbá wa, káfíńtà tí wọ́n pè wá tún ilẹ̀kùn ṣe, ti rí wọn. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni ilẹ̀kùn náà. Bàbá fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣe é. Wọ́n ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ní 1963. Màmá fi iṣẹ́ ọsibítù sílẹ̀, wọ́n ń fọ aṣọ nínú àgbàlá ilé tiwọn: bẹ́ẹ̀díṣíìtì àwọn ilé àlejò àti ẹ̀wù funfun àwọn akọrin. Igi ńlá kan wà láàárín àgbàlá náà, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ta okùn aṣọ sí.

Ní 1969, ọmọ wọn kẹta, ọkùnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kiri ilé, bá ibà lọ. Màmá ò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn dákẹ́ ni. Oorun dá lójú wọn. Bí a bá gbé oúnjẹ síwájú wọn, bó ṣe wà náà ni a ó gbé e kúrò. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, kò rí nǹkan kan. Bàbá á jí láàárọ̀, wọ́n á bá Màmá nídìí ọpọ́n, aṣọ tó ti mọ́ ni wọ́n tún ń fọ̀. Lójú Bàbá, ìyàwó ń yọ́ lọ bí ọṣẹ tí a gbàgbé sínú omi, ẹ̀rù sì bà wọ́n pé ọdún yẹn ò ní parí kí àwọn tó tún gbẹ́ sàréè kejì.

Ọdún náà gan-an ni ẹ̀gà wá dó sórí igi àgbàlá. Ẹni tó bá ti bá ẹ̀gà gbé rí mọ̀ pé àlejò wọn kì í ṣe àlejò jẹ́jẹ́. Kílẹ̀ tó mọ́ tán wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu, ìgbẹ́ wọn sì ń bọ́ sórí aṣọ funfun. Bàbá wá dá a rò, wọ́n ní àwọn ti rídìí ọ̀rọ̀: àwọn ẹyẹ yìí ló ń ba aṣọ jẹ́ tí Màmá fi ń fọ ọ́ ní àfọ̀túnfọ̀. Ni wọ́n bá pe agégi. Ká má purọ́, ojú tí káfíńtà fi ń wo igi kì í ṣe ojú àánú. Bàbá fúnra wọn sọ fún wa pé kí agégi tó dé, àwọn ti fojú inú kan bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta àti kọ́bọ́ọ̀dù kan jáde lára rẹ̀.

Agégi bọ́ ẹ̀wù, ó tutọ́ sátẹ́lẹwọ́, ó gbé àáké. Màmá jáde tòun ti aṣọ tútù lọ́wọ́, wọ́n lọ fẹ̀yìn ti igi náà. Láti ọjọ́ tí ọmọ ti lọ, kò tíì sẹ́ni tó gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ́nu wọn.

“Ẹ má gé e,” ni wọ́n wí. “Àwọn wọ̀nyí ló ń jẹ́ kí n mọ̀ pé ilẹ̀ tún mọ́.”

Agégi rò pé eré ni. “Ìyá, bí wọ́n bá yàgbẹ́ sáṣọ oníbàárà ńkọ́?”

“Ẹyẹ ti bímọ síbí. Okùn aṣọ ò bímọ síbì kankan. Okùn ni kẹ́ ẹ ṣí.”

Agégi tó wá gé igi ló wá bá wọn hú òpó okùn aṣọ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń kùn pé irú iṣẹ́ wo nìyí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá béèrè oúnjẹ.

Ìbànújẹ́ ò tán lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kí Màmá tó fọwọ́ kan omi láàárọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ jókòó sábẹ́ igi, ìwé àdúrà lórí itan, agboòrùn ní ṣíṣí lórí, nítorí ẹ̀gà ò mọ àgbà. Ojú ọ̀run á mọ́ kedere, Màmá á wà lábẹ́ agboòrùn. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mẹkáníìkì tó múlé tì wá ké láti ẹ̀yìn ògiri pé òjò tí Ìyá yìí nìkan ń rí, kó má gbé wọn lọ o. Màmá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá gbọ́ ẹ̀rín náà nídìí iṣẹ́ wọn, wọ́n gbé ayùn sílẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ọ dáadáa.

Màmá tún iṣẹ́ wọn tò. Wọ́n ń fọṣọ nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù, wọ́n ń sùn lọ́sàn-án. Bí òjò bá ń rọ̀, wọ́n á gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wò ó bí ẹni ń wo àlejò. Wọ́n pa kẹ́míkà tì, ọṣẹ lásán ni wọ́n ń lò, torí ìdí ẹ̀fọ́ àti igi ni omi ìfọṣọ ń ṣàn lọ. Ọ̀gá ilé àlejò kan bínú pé aṣọ ń pẹ́, ó kó tirẹ̀ lọ. Màmá ní kí Ọlọ́run bá a wá oòrùn tó ń ràn lóru. Oorun padà sójú wọn, ara wọn bọ̀ sípò, wọ́n sì tún bí ọmọ mẹ́ta sí i.

Ní 1978 wọ́n di ìyá ìjọ. Àwọn ló ń fọ ẹ̀wù àlùfáà títí apá wọn ò fi ká a mọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, àmì ìgbẹ́ ẹyẹ hàn léjìká ẹ̀wù náà níwájú gbogbo ìjọ. Àlùfáà ní bíṣọ́ọ̀bù ló ń fòróró yan àwọn àlùfáà yòókù, ẹ̀gà ló yan òun.

Ìyá tó bá pàdánù ọmọ ládùúgbò kì í dá wà. Màmá kì í lọ nígbà tí èrò pọ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti dá ni wọ́n ń lọ. Wọ́n á mú ìyá náà wá sábẹ́ igi ní ìdájí, wọ́n á fún un ní agboòrùn tirẹ̀, wọ́n á jọ jókòó. Wọn kì í wàásù. Olùkọ́ kan lára àwọn ìyá náà sọ fún wa nígbà tó wá kí wa pé, “Mi ò rántí ohun tí wọ́n bá mi sọ. Mo rántí pé mo sùn lọ lórí àga.”

Màmá sùn nínú Olúwa ní oṣù tó kọjá, lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, lórí ibùsùn wọn, lọ́wọ́ àárọ̀. Wọ́n fi bàbá wa sílẹ̀ lọ, pẹ̀lú ọmọ márùn-ún: nọ́ọ̀sì, káfíńtà, olùkọ́ méjì, àti àbíkẹ́yìn wọn tó jogún ọpọ́n ìfọṣọ; pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́rìnlá, àti àrọ́mọdọ́mọ mẹ́rin.

Nígbà tí a péjọ sí yàrá Bàbá láti tù wọ́n nínú, àwọn ló tù wá. Wọ́n ní, “Ọdún 1969 ni mo ti rò pé mo máa sin ìyá yín. Ọlọ́run ní kí n ṣì mú sùúrù. Gbogbo èyí tí mo rí lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ̀bùn ni. Ẹ bá mi dúpẹ́.”

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ bá wa dúpẹ́.

Màmá, ẹ sùn dáadáa. Kí ilẹ̀ tẹ́ yín ní ibùsùn tó rọ̀. Ó dàárọ̀ o, ìyá rere.