Igi Tí Mo Gbé Kọ́ Àdìsá Lọ́rùn

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ìtọ́jú àwọn àbúrò mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Kí ẹ̀gbọ́n mi Làmídì ka ìwé yìí sókè fún gbogbo agboolé, kó má fo ibì kankan.

Oòrùn Kútọnu kò burú, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí wa. Àwọn èèyàn ibí ni mi ò rí bá ṣe. Àwọn ọmọ Gùn, àwọn Ègùn tó pọ̀ jù ní ilé ìwé wa, ń pè mí ní Ànàgó, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá, wọ́n ń fi ilà ojú mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kọ́ èdè wọn. Bí wọ́n bá ń bú wa, mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, èmi àti Àdìsá, ọmọ Ṣábẹ̀, nìkan la jọ ń jẹun. Òun ni mò ń bá sọ Yorùbá ní ìkọ̀kọ̀.

Ìkọ̀kọ̀ ni, torí Faransé nìkan ni tíṣà fẹ́ gbọ́. Ẹni tó bá sọ èdè ilé rẹ̀, wọ́n á gbé igi pẹlẹbẹ kan kọ́ ọ lọ́rùn, àfi tó bá mú ẹlòmíràn tó ṣe bíi tirẹ̀. Ẹni tí igi bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí a bá jáde, inú iyanrìn ni yóò kúnlẹ̀ sí títí oòrùn á fi wọ̀.

Lọ́jọ́ tí igi wà lọ́rùn mi ni ìròyìn dé pé ìyá Àdìsá kú. Ọ̀gá ilé ìwé ní tí a bá ti jáde, kó lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán; òmíràn kò sí títí di ọjọ́ kẹta. Àwọn ọmọ Gùn ní bí mo bá fẹ́ jẹ́ ara wọn, kí n gbé igi náà fún Ànàgó ẹlẹgbẹ́ mi. Mo sún mọ́ ọn, mo rọra kí i kú ara fẹ́ra kù. Ó bú sẹ́kún, ó fi èdè wa bi mí pé ta ló kù tí yóò máa ki oríkì òun. Mo nawọ́, mo pe tíṣà; ó ní òfin ni òfin, ó ní kí n bọ́ igi náà kọ́ Àdìsá lọ́rùn.

Orí eékún ni Àdìsá wà nígbà tí ọkọ̀ fọn fèrè. Kó tó dé Ṣábẹ̀, wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ Gùn sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì wọn. Mo jẹ àkàsà tí wọ́n fún mi, mo jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí Àdìsá padà dé, mo dọ̀bálẹ̀, mo fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́. Faransé ló fi dá mi lóhùn, pé òun kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí dòní.

Ìyá mi, ẹ má fi mí yangàn lọ́jà mọ́. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀yin àti Bàbá sí, kí n bá yín láyé. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi tí mo ṣe èyí, ọmọ yín ṣì ni mí,
Àkànbí