Ohùn Mi Kò Sí Nínú Ogún

Èmi, aránṣọ, opó Káfíńtà, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Abẹ́rẹ́, ni mo ní kí agbẹjọ́rò kọ ìwé ìhágún yìí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Orí mi pé. Ẹni tó bá ní arúgbó ti ń ṣarán, kó lọ bi dókítà tó yẹ̀ mí wò. Ìwé yòówù tí mo ti ṣe ṣáájú èyí, mo pa á rẹ́. Agbẹjọ́rò yìí kan náà ni yóò pín ogún mi, nítorí kì í ṣe ẹbí wa, ẹkún ẹnikẹ́ni kò sì lè yí i lọ́kàn padà.

1. Ilé tí mo ń gbé di ti ọmọkùnrin mi, pẹ̀lú òrùlé rẹ̀ tó ń jò. Ó mọ kọ̀ǹpútà bí ẹni mowó. Kí ó fi ìmọ̀ náà dí ihò.

2. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi méjèèjì di ti obìnrin tí a jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù. Ó mọ bí a ṣe ń dákẹ́.

3. Ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi, pẹ̀lú ayùn, òòlù àti ìfági tó wà níbẹ̀, di ti ọmọbìnrin mi. Bàbá rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ, kò sì wá títí àìsàn fi dá bàbá dùbúlẹ̀. Ọkọ mi ní òun kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọjú sí ògiri. Ìbínú náà ló bá kú, ojú mi ló ṣe.

4. Fóònù ọkọ mi, kí wọ́n fọ́ ọ túútúú. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọkùnrin mi kó gbogbo ohùn bàbá rẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀rọ kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti kú. Ó ní sáyẹ́ǹsì ti borí ikú. Ohun tí kò rò ni pé oníbàárà nìkan ni bàbá rẹ̀ ń fi ohùn ránṣẹ́ sí. Àwa ará ilé, ariwo ló ń pa sí wa láti yàrá. Oníbàárà tí àga rẹ̀ ti pẹ́ ló ń gbọ́ “Ẹ má bínú, ẹ̀yin ni tiwa, ó ti ń parí,” nígbà tí kò tíì ra pákó.

Ohùn yẹn ni ẹ̀rọ kọ́. Ó kí mi pé “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o,” èmi tí mo dáná fún un títí orí mi fi funfun. Ó sọ fún ọmọbìnrin mi pé “Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn ti parí.” Ọmọ mi sunkún ayọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ni mo tún ń wá, ṣebí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Ọkàn oníbàárà náà máa ń balẹ̀. Àga kò sì jáde.

5. Ohùn mi kò sí nínú ogún. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ohùn mi, ẹ̀rín mi tàbí àwòrán mi bọ́ ẹ̀rọ. Bí ọmọkùnrin mi bá dán an wò, kí wọ́n ta ilé inú ẹsẹ kìíní, kí wọ́n fi owó rẹ̀ tọ́jú àwọn arúgbó tí kò lọ́mọ.

Mo ń gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lórí rédíò bóyá ẹ̀rọ ní ọkàn. Èmi kò mọ̀. Mo mọ̀ pé ọkọ mi ní in, ó le koko, tirẹ̀ sì ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ti wá sọ ọ́ di ẹlẹ́nu dídùn tí n kò mọ̀ rí, inú sì ń bí mi gidigidi.

6. Ẹsẹ yìí kò gbọ́dọ̀ dúró de ikú mi. Kí agbẹjọ́rò kà á sí etí ọmọbìnrin mi lónìí: Bàbá rẹ kò dárí jì ọ́. Èmi náà kò tíì dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n èmi ṣì wà láàyè, ẹnu ara mi ni mo sì fi ń sọ̀rọ̀. Wá sílé ká jà.

Mo fọwọ́ sí i ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta.
Ìyá Abẹ́rẹ́

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Apoògùn ìsàlẹ̀ ilé tí ọ́fíìsì yìí wà.
Akọ̀wé agbẹjọ́rò, tó jẹ́rìí pé inú ń bí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé.