Ohun Tí Wọ́n Rántí Nípa Dókítà Àgbà

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àbójútó oko kòkó, ẹ sì kú ọ̀fọ̀ tó ṣẹ gbogbo wa ní Odígbó. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kánádà níbí. Mo kí àbúrò mi Kẹ́hìndé àti ìyàwó rẹ̀, mo kí àwọn ẹ̀gbọ́n Bàámi, mo kí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo kọ lẹ́tà yìí síta kí àwọn tí Dókítà Àgbà tọ́jú lè bá yín kà á. Ara mi le. Òtútù ibí kò mojú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ lé aṣọ, títí èèyàn á fi rí roboto bí àpò kòkó.

Ibi iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí Kẹ́hìndé pè pé Dókítà ti kú. Ẹ mọ̀ pé àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Mò ń fi ṣíbí fún ìyá kan ní oúnjẹ lọ́wọ́. Mo parí oúnjẹ ìyá náà, mo nu ẹnu rẹ̀, mo wá lọ jókòó sí yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí. Kò sí ẹni tí mo lè sọ fún. Bí mo bá ní dókítà ìlú wa kú, wọn á ní pẹ̀lẹ́, wọn á sì bi mí bóyá ẹbí mi ni.

Wọn kò fún mi láyè níbi iṣẹ́ láti wá sí ìsìnkú, owó ọkọ̀ òfurufú náà kò sì sí. Torí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn lórí fóònù. Mo ní kí kálukú sọ ohun kan tó rántí nípa Dókítà fún mi. Ìsìnkú tèmi nìyẹn.

Alhaji Múfútáù tó ti ṣe alága gáréèjì ní Orè ni mo kọ́kọ́ pè. Ó ní nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù gbá òun ní ojú ọ̀nà márosẹ̀, ẹsẹ̀ òun fọ́ débi pé àwọn ará ilé òun ti gbà kí wọ́n gé e. Dókítà ní kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló ń wẹ egbò náà láràárọ̀. Nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì wọlé, Alhaji fárígá, ó ní òun kò ní fẹnu kan oúnjẹ tàbí oògùn lójú ọ̀sán. Dókítà kò bá a jiyàn. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó gbé Lèmọ́mù sẹ́yìn, ó sì mú un wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Lèmọ́mù ló sọ fún Alhaji pé Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún aláìsàn kí ó jẹun, kí ó san ààwẹ̀ padà nígbà tí ara bá yá. Alhaji ní ẹsẹ̀ náà ni òun ṣì fi ń rìn lọ kírun. Ó ní onígbàgbọ́ ni ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa wọ òun létí.

Mo tún pe Ìyá Bọ́sẹ̀ ní Araròmí-Obu. Ó ní òjò ti gbá afárá igi lọ nígbà tí ìrọbí mú òun, ìdí sì ni ọmọ fẹ́ kọ́kọ́ gbé jáde. Ọkọ rẹ̀ sáré wá sí Odígbó. Dókítà gun ọ̀kadà dé etí odò, ó bọ́ bàtà, ó gbé àpò rẹ̀ rù, ó sì wọ́dò kọjá. Ẹrẹ̀ ti bò ó dé orúnkún nígbà tó wọlé. Ó dúró ti Ìyá Bọ́sẹ̀ títí Bọ́sẹ̀ fi ké. Lẹ́yìn náà ló tó sọ pé ebi ń pa òun. Wọ́n gbé púpurú síwájú rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, oorun sì gbé e lọ lórí ẹní tí wọ́n fi ń sá kòkó. Ìyá Bọ́sẹ̀ ní ọjọ́ yẹn ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó máa ń rẹ dókítà.

Gbogbo wọn ló ń sín in jẹ, bó ṣe ń sọ Ìkálẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, Ìkálẹ̀ rẹ̀ kò sì dán mọ́rán. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí aláìsàn kankan máa wá èdè tí yóò fi sọ ibi tó ń dùn ún.

Màámi, ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò sọ nǹkan kan fún mi. Bí mo bá ti dárúkọ rẹ̀, ẹ ó ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dára. Kẹ́hìndé ló wá tú àṣírí yín. Ó ní láti ìgbà tí Dókítà ti kú, ẹ kò lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò mọ́, oògùn sì ti tán nínú ike. Ó ní ẹ ní ọwọ́ ọmọ àná kan kò ní kàn yín lára. Dókítà Ṣadé ni ẹ ń bá wí, ọ̀dọ́bìnrin tó gba ipò rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì tó bá Dókítà ṣiṣẹ́ sọ fún mi. Nígbà tí àìsàn ti wọ Dókítà lára, àwọn èèyàn kì í fẹ́ wọlé tọ Ṣadé. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, wọ́n á ní Dókítà Àgbà ni àwọn ń dúró dè. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Dókítà fi ọ̀pá tilẹ̀ wá. Kò wọ yàrá rẹ̀. Ó jókòó sáàárín àwọn aláìsàn, ó sì gba nọ́ńbà bíi tiwọn. Nígbà tó kàn án, ó ní kí Ṣadé gbé àga jáde, kí ó yẹ òun wò lójú gbogbo wọn. Dókítà ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sọ gbogbo ohun tó ń ṣe é, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ṣadé ní kí ó dín iyọ̀ kù, kí ó sì lọ sinmi nílé. Dókítà Àgbà ní, “Ẹ ṣeun, Dókítà,” ó dìde, ó sì kọrí sílé. Obìnrin tí nọ́ńbà rẹ̀ tẹ̀ lé e dìde, ó sì wọlé tọ Ṣadé lọ.

Màámi, àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú, ọ̀nà àwọn ọmọ wọn jìn. Èmi ni mò ń fún wọn ní oògùn, ẹ̀yin ni mo sì máa ń rò. Ọwọ́ mi kò tó Odígbó láti ibí. Ẹ jẹ́ kí Ṣadé bá mi ṣe é.

Ibí ni mo kọ lẹ́tà yìí dé kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo ti kọ́kọ́ fi ohùn nọ́ọ̀sì tí mo gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Kẹ́hìndé, kí ó gbé e sí yín létí. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, Kẹ́hìndé pè mí. Ó ní ẹ gbọ́ ọ tán, ẹ lọ wẹ̀, ẹ wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ní kí ó gbé ọ̀kadà jáde. Ó ní ẹ pẹ́ nínú yàrá Ṣadé débi pé àwọn tó ń dúró bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nọ́ọ̀sì yọjú wò yín. Ṣadé ti yẹ̀ yín wò tán tipẹ́, ó ti kọ oògùn fún yín. Ẹ ṣì jókòó, ẹ ń sọ ìtàn Dókítà Àgbà fún un, ẹ̀yin méjèèjì ń sunkún, ẹ sì tún ń rẹ́rìn-ín.

Mi ò mọ ìtàn tí ẹ sọ. Mi ò sì bínú pé òun ni ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Ọlọ́run yóò tẹ́ Dókítà sí afẹ́fẹ́ rere. Yóò dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, kí ẹ sì kí Ṣadé. Ẹ sọ fún un pé ó ti ní ẹ̀gbọ́n ní Kánádà.

Èmi ni ọmọ yín tó jìnnà,
Fúnmiláyọ̀