Ẹni Tó Ń Fa Iṣẹ́ Sẹ́yìn

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wa ní Douala ń lọ déédéé. Láràárọ̀, a ń ṣèpàdé lórí ìdúró, kí kálukú sọ ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Nígbà tí kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ọ̀gá yí ètò náà padà: ó ní kí á máa dárúkọ ẹni tó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Èmi nìkan ni wọ́n ń dárúkọ.

"Àǹtí, eré la fi ń ṣe," ni Ẹniọlá tí mo kọ́ níṣẹ́ wí, ṣùgbọ́n kò wojú mi. Lánàá, ọ̀gá ní kí n fa iṣẹ́ mi lé e lọ́wọ́ kí n lè sinmi. N kò tọrọ ìsinmi, mo ṣáà dúpẹ́.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ má tíì fi yàrá mi fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ yín,
Tinúadé