Pákó Solvik

Ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù Karùn-ún, 1872
Ìpàdé di ariwo. Àwa ará Nọ́wè ní kí ibùdó tuntun yìí máa jẹ́ Solvik, bí abúlé tí a ti wá. Àwọn ará Sìkọ́tíláǹdì ní àfi Kilbrae, abúlé tiwọn. Ilé méje ni wá, ilé méje ni wọ́n. Ta ló máa gbà fún ta? Nígbà tó sú wa, a fẹnu kò: ẹni tí a bá kọ́kọ́ sin síbí, orúkọ ìlú rẹ̀ la ó máa jẹ́. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é ní ibùdó kan nísàlẹ̀ odò.

Mo fẹ́ Solvik. Koríko, koríko ṣáá — igi kan ò sí. Ó kéré tán, kí n rí orúkọ ilé pè.

Ọjọ́ Ajé, 13
Màmá — ìyá ọkọ mi — ń mu kọfí, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, èmi ni màá kú gba orúkọ yẹn fún yín." Irùngbọ̀n-Pupa, àgbà àwọn ará Sìkọ́tíláǹdì, ti ẹnu ọ̀nà dáhùn pé, "Ẹ rọra o, Màmá. Èmi ni mo dàgbà jù." Màmá ní, "Ìwọ? Tó ń jẹ ọ̀dùnkún bí ẹṣin! Ikú ò mọ̀nà ilé ẹ." A rẹ́rìn-ín títí. Signe náà ń rẹ́rìn-ín, kò tiẹ̀ mọ ohun tí à ń sọ. Ọmọ mi tí mo bí sínú ọkọ̀ òkun, kí a tó gúnlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta.

Ọjọ́bọ̀, 23
Signe ò lè gbé omi mì. Ọ̀fun rẹ̀ wú.

Ọjọ́ Ẹtì, 24
Halvor, ọkọ mi, ti gun ẹṣin lọ wá dókítà. Ọ̀nà jìn. Ìyàwó Irùngbọ̀n-Pupa gbé wàrà wá. Ó wo ọmọ, kò wo ojú mi. Mo mọ ohun tó ń rò. Èmi náà ń rò ó. Olúwa, mi ò fẹ́ Solvik mọ́. Kó máa jẹ́ Kilbrae. Kó máa jẹ́ Ààtàn!

Ọjọ́ Àìkú, 26
Ó ti lọ.

Ọjọ́rú, 29
Kò sí pákó pósí. Aṣọ ìbora mi la fi wé e. Ẹnìkan lára àwọn ará Kilbrae ń kùn pé orí omi ni wọ́n bí i, kì í ṣe ará ibì kankan. Irùngbọ̀n-Pupa jágbe mọ́ ọn: "Pa ẹnu ẹ dé! Ilé ìyá ọmọ nilé ọmọ." Òun ló gbẹ́ ilẹ̀. Òun náà ló yọ ìdérí àpótí ẹrù rẹ̀, ó kun SOLVIK sí i. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rì í mọ́ sàréè. Wọ́n ní ìlú ló ni ín, ibi tí ojú irin máa gbà ló máa dúró sí.

Berit, ará ilé wa lọ́hùn-ún, kí mi kú oríire orúkọ. Díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí.

Màmá ò jẹun. Ohun kan náà ló ń wí: "Èmi ni mo ní mò ń lọ. Ta ló rán ọmọdé níṣẹ́ àgbà?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù Kẹfà
Mi ò lè pe orúkọ ìlú yìí. Mò ń pè é ní "ibí."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù Keje
Ojú irin dé. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ fa pákó wa tu, ó jù ú sínú koríko. Ó ní orúkọ ti wà nínú máàpù wọn: Ashcombe, ìlú ìyàwó ọ̀gá àgbà wọn, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Halvor ń bẹ̀ ẹ́, ọkùnrin gìrìwò yẹn, ó ń sunkún: "Ọ̀gá, ọmọ mi la fi gba orúkọ yìí." Ọ̀gá náà ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kì í ṣe èmi ló ni iṣẹ́." Mo bi í bóyá ó dé Ashcombe rí. Kò débẹ̀ rí.

Irùngbọ̀n-Pupa gbé pákó náà léjìká, Màmá tẹ̀lé e. A rì í sí apá orí Signe. Nígbà tí a fi máa padà, wọ́n ti ń kan tiwọn mọ́ òpó.

Ashcombe là ń gbé báyìí, gbogbo wa. Signe ò fojú kan Solvik rí. Òun nìkan ló wá ń gbé ibẹ̀.