Iná Yàrá Màmá

Ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí á yanjú ohun tó wà láàárín wa. Owó oníṣẹ́ iná tí o ní kí n bá ọ san, mo ti san án, mo sì ti yọ ọ́ nínú owó ọjà tí o fi ránṣẹ́. A kò jẹ ara wa ní nǹkan kan mọ́, àfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo fẹ́ gbà lẹ́nu rẹ.

Báwo ni ara rẹ? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àti àwọn ọmọ? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà. Ara èmi àti bàbá rẹ le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún rẹ̀ ṣì ń dún bí ìlẹ̀kùn tí wọn kò ta epo sí.

Ìròyìn iná ni mo ní. Suwíìṣì tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn, èyí tí o ní kí wọ́n wá fi sí yàrá tí mo ti ń ránṣọ, kò gbọ́ tèmi mọ́. Mo lè wà nídìí ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́, kí n fi itọ́ pọ́n ẹnu òwú, kí n gbé abẹ́rẹ́ sókè, kí iná kú lójijì. Mo pè é, ó tàn. Kò pẹ́, ó tún kú. Mo ti rán ọwọ́ aṣọ oníbàárà kan mọ́ ibi ọrùn nítorí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni mo tú u.

Oníṣẹ́ iná tí o rán, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Yóò-Tàn, kọ́kọ́ ní gílóòbù ni. A pààrọ̀ gílóòbù. Ó ní wáyà inú ògiri ni, ó tú suwíìṣì, ó fi tuntun sí i. Iná tún kú. Ó wá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé ibẹ̀ dáadáa, ló bá gbé àpótí ìntánẹ́ẹ̀tì kúrò ní pálọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà mi, bàbá rẹ sì fi ẹsẹ̀ kọ wáyà rẹ̀. Bó bá ti ń kó irinṣẹ́ padà sínú àpò ni yóò sọ pé, "Màmá, yóò tàn." Owó mi ló ń tàn nínú àpò rẹ̀.

Kí n má purọ́ fún ọ, inú mi ti bàjẹ́ kí iná tó bàjẹ́. Ilé ìyá ìyàwó rẹ ni irú iná yìí ti kọ́kọ́ tàn. Ìwọ fúnra rẹ lo lọ fi í síbẹ̀. O gun àkàbà, o sùn síbẹ̀, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ ránṣẹ́ sí mi. Mo ní ó dára. Eyín ni mo fi rẹ́rìn-ín, inú mi kò sí níbẹ̀. Nígbà tó kan tèmi, Yóò-Tàn lo rán, ìwọ wà lórí fóònù lọ́nà jíjìn, ò ń kọ orúkọ yàrá sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, àna mi, ìyá ìyàwó rẹ náà, pè mí. A kí ara wa. Ó ní, "Àna mi, ẹ bá mi bẹ ọmọ wa. Iná yàrá mi ń dá tàn kí àkùkọ tó kọ, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò pè é." Ọmọ wa. Mo gbé e mì. Mo bi í pé kí ló máa ń sọ fún iná náà tó bá fẹ́ sùn. Ó ní, "Ohun tí ọmọ wa kọ́ mi náà ni: Pa iná Yàrá Màmá."

Kò tíì gbẹ́nu kúrò níbẹ̀ tí yàrá mi fi ṣókùnkùn.

Mo jókòó sínú òkùnkùn, fóònù wà létí mi. Mo ní kó tan án padà kí n gbọ́. Ó pè é, tèmi tàn. Ó wá yé mi wàyí. Àna mi máa ń bá adìyẹ wọlé sùn ni. Tó bá pa tirẹ̀, tèmi á kú. Èmi sì ń jí gbàdúrà nínú yàrá ìránṣọ yìí ní ìdájí. Tí mo bá tan tèmi, tirẹ̀ á jí i. Ìwọ lo kọ orúkọ kan náà sí yàrá àwa méjèèjì lórí fóònù rẹ. Suwíìṣì kò bàjẹ́ rí. Màmá ní kó kú, ló ṣe kú.

Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní iná náà lẹ́kọ̀ọ́, ó ń bọ̀wọ̀ fún àna. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi kọ́ ọ, nígbà tí o fẹ́ gbéyàwó, pé kí o máa pe ìyá ìyàwó rẹ ní Màmá. Ẹnu ni mo ní kí o fi pè é. N kò ní kí o kó iná mi lé e lọ́wọ́.

Nítorí náà, má jókòó síbẹ̀ yí orúkọ kankan padà lórí fóònù. Wá. Gun àkàbà tèmi náà. Dúró níwájú mi, kí o sọ ẹni tí yóò máa jẹ́ Màmá, àti ẹni tí a ó wá orúkọ mìíràn fún. Bó bá jẹ́ èmi ni, n óò gbà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ.

Ọlọ́run yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà rẹ, ìmọ́lẹ̀ tí ẹlòmíràn kò ní lè pa. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní dojú rú. Àwọn ọmọ rẹ yóò mọ ìyá wọn láàárín ẹgbẹ̀rún.

Èmi ni,
Ìyá tí ó bí ọ.

Àfikún: N kò tíì sọ fún àna mi. Àtùpà ni mo fi ń gbàdúrà báyìí, kí ó lè sùn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ẹ̀ ń lọ kí i lópin ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá gba iwájú ilé mi kọjá lọ sùn síbẹ̀, n óò gbé àtùpà sílẹ̀, n óò pe iná mi, ẹ̀yin náà yóò sì mọ ìgbà tí mo ń jí. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ gbé èsì wá. Ọjọ́ Ẹtì ni mo ń retí rẹ̀.