Ilé Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n Tí Kò Ní Oórì

Ilé Bàbá Rẹ,
Oǹdó.

Akínwùmí ọmọ mi, ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Àkúrẹ́? Ìyàwó ńkọ́, Ìrètíolúwa ńkọ́? Ọlọ́run tó fún ọ ní ọpọlọ ilé yíyà kò ní gbà á padà. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Mo rí àwòrán ilé tí o fẹ́ kọ́ sórí ilẹ̀ wa yìí, lórí fóònù Monílọ́lá àbúrò rẹ. Ọmọ mi, o kàwé, ṣùgbọ́n o gbàgbé òrùlé. Gbogbo rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ lókè, mo ń rí bẹ́ẹ̀dì àti ibi ìwẹ̀ wọn. Òjò Oǹdó ńkọ́? Monílọ́lá ní bí wọ́n ṣe ń yà á nìyẹn. Àwòrán kejì ní òrùlé: fúláàtì mẹ́rìndínlógún alájà mẹ́rin lẹ́yìn, ilé mẹ́wàá tó so mọ́ra níwájú, aládùúgbò méjì sí ògiri kan, bí ẹní to búrẹ́dì. Àwọn èèyàn ń rìn níbẹ̀, wọ́n ń fa ajá. Mo wá ojú mi láàárín wọn títí, n kò rí ara mi.

Mo wá bi Adélaní, ọmọ àbúrò bàbá rẹ tó ń bá ọ mójú tó iṣẹ́ náà, pé ibo ni ìdílé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yóò máa sin òkú wọn sí, nítorí n kò rí àyè tó gba pósí kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ayálégbé ni wọ́n, wọn kì í kú síbẹ̀. Mo ní irú èèyàn wo ló ń sanwó ilé tí kì í kú? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ mi mọ́ wọn.

Ó wá fìka tọ́ka sí ibi tí bàbá rẹ sùn sí nínú àwòrán náà. Ilé ìdáná ilé kẹta ni. Ẹnìkan yóò máa dín dòdò lórí àyà ọkọ mi! Ó ní wọn yóò kó egungun rẹ̀ lọ sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń jí kí i láràárọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún ni mo sì fi sílẹ̀ fún ara mi, n kò gbin ata lásán síbẹ̀. Mo mọ̀ pé èrò pọ̀, ilẹ̀ ò tó. Ṣùgbọ́n ayé sú mi, Akínwùmí.

Fọ́ọ̀mù tí o ní kí n fọwọ́ sí pé mo gbà láti kó kúrò nílé, mo ti fọwọ́ sí i, kí ojú má baà tì ọ́ níwájú àwọn ọ̀gá rẹ. Níbi tí wọ́n ti béèrè àdírẹ́sì ibi tí mò ń kó lọ, mo kọ ọ́ pé: lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi.

Katapílà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Jọ̀ọ́, fi owó àpò sìmẹ́ńtì méjì ránṣẹ́. Má fi sí báńkì o, ẹ̀rọ wọn a máa gbé káàdì mì, ebi ló ń pa á. Fi rán dẹ́rẹ́bà. Mo fẹ́ tún ojú oórì náà rẹ́, kí ẹni tó ń wa katapílà lè rí i kó tó gùn ún.

Olúwa yóò fún ọ ní ẹ̀mí gígùn. Ilé tí o kọ́ yóò kún. Nígbà tó bá sì pẹ́ títí, àwọn ọmọ rẹ yóò rí ibi gbé ọ sí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.